Búṣìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Benz SLK àtijọ́ bíi tèmi l'Ádó-Èkìtì, bí abẹ́ ọkọ̀ bá ń ró gbọ̀-gbọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ má sáré ra ṣọ́ọ̀kì. Owó ṣọ́ọ̀kì méjì ni mo ná lásán. Ẹ gbé e sórí jáàkì, ẹ fi igi tó lágbára tì í, kí mẹkáníìkì fi irin gún búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá táyà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wò. Èyí tó ti gbó á là yányán bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

Bí ẹ bá béèrè búṣìn SLK lọ́jà, wọ́n á ní kò sí. Ṣùgbọ́n R170, ìyẹn SLK àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2004, orí férémù C-Class W202 ni wọ́n gbé e kà, ti W202 ló sì rọrùn láti rí. Ẹ da nọ́ńbà ara èyí tó gbó kọ, kí ẹ fi wé e. Ẹ jọ̀wọ́, tuntun ni kí ẹ rà. Rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kó tó gúnlẹ̀. Tọ̀tún-tòsì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀.

Ìgbà tí táyà bá ti tẹlẹ̀ tán ni kí wọ́n tó fún bóòtù (ìdè onírin) tó di búṣìn mú le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà tuntun náà á lọ́, á sì tètè ya.