Bí a ṣe ń tún ẹnu odò sámọ́ọ̀nù ṣe, kí àwa náà lè rọ́nà dé etíkun

Ní ọgbà ìgbafẹ́ Meadowdale Beach, nítòsí Edmonds ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ihò kan ṣoṣo ni sámọ́ọ̀nù, ẹja tó ń yé ẹyin sínú odò tó sì ń dàgbà lókun, àti èèyàn jọ ń gbà kọjá lábẹ́ ojú irin tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ló fẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò Lunds Gulch á kún inú rẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ mi á dúró lẹ́yìn ojú irin, a ó máa gbọ́ ariwo òkun tí a ò lè dé. Lónìí, afárá ló gbé ojú irin náà, àyè abẹ́ rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹ̀yin tí irú odò bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láyè. Ẹ má tíì ra bẹ́ǹṣì, ẹ má tíì gbin òdòdó. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí omi òkun bá fà, ẹ tún lọ nígbà tó bá kún, kí ẹ wo ibi tí odò ti há: páìpù kékeré, tàbí àpáta tí wọ́n kó jọ ṣe ògiri. Ẹnu odò gbọ́dọ̀ gbòòrò, torí ibẹ̀ ni ọmọ sámọ́ọ̀nù ti ń jẹun, tí omi iyọ̀ ń mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀ kó tó jáde sókun. Kódà, ọmọ Chinook, irú sámọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n bí sínú odò mìíràn máa ń yà síbẹ̀. Apẹja Ìlàjẹ ni bàbá mi. Ibi tí omi odò bá ti pàdé omi òkun ló máa ń dẹ àwọ̀n sí.

Ẹ má dá fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ odò o. Ẹ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ Washington Department of Fish and Wildlife, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko igbó; ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí, bíi July àti August, ni wọ́n sì sábà máa ń fàyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ inú omi. Bí ojú irin bá wà níbẹ̀, ẹ tètè lọ bá àwọn tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà.

Bèbè odò ni ọwọ́ ará àdúgbò ti wúlò jù. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní Himalayan blackberry ló máa ń bò ó. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo gé e mọ́lẹ̀, inú mi dùn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó padà dé, ó ti ga jù mí lọ. Ẹ gé e kù sí orókún kí ẹ lè rí ohun dì mú, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ yí ká, kí ẹ hú kókó gbòǹgbò rẹ̀ jáde bí ẹni ń wa iṣu. Ìbọ̀wọ́ awọ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ ń gún ti aṣọ já.

Láti October sí March, tí ilẹ̀ tutù, ẹ gbin igi tó jẹ́ ti ibẹ̀: redcedar, Sitka spruce, willow. Bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́ ni ti willow: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí kò léwé, ẹ tẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀, kí ojú ibi tó ti máa hù kọjú sókè. Ẹ da èérún igi yí ìdí àwọn tó kù ká, ṣùgbọ́n kí èérún náà má kan ara igi, kí igi má baà jẹrà. Ní July àti August, ẹ gbé omi lọ bù sí wọn, torí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbí nígbà náà. Ibòòji wọn ni yóò jẹ́ kí omi tutù fún ẹja.

Ní ti ọ̀nà èèyàn, ẹ la ẹyọ kan tó hàn gbangba, kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ la mẹ́wàá mìíràn kọjá lórí igi yín. Ẹ jẹ́ kó rọra gẹ̀rẹ́: kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹni tó ń lo àga onítáyà àti ìyá àgbà tó ń tẹ̀pá lè dé etí omi. Láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tàbí ajá rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ inú odò. Ẹyin sámọ́ọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀.