Ẹ́ńjìnnì Tirakítọ̀ Bàbá Mi Ti Dì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Kohler K301

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n mi. Maryland ni mo wà. Ọdún 1979 ni bàbá wa ra tirakítọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ aládùúgbò wọn, Cub Cadet 122 ni, yẹ́lò àti funfun, ẹ́ńjìnnì Kohler K301 ló wà nínú ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gé koríko, òun náà ni wọ́n fi ń túlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo sí, orí itan wọn ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti papòdà, àtìgbà yẹn ló ti wà nínú gàráàjì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ jí i báyìí, kò yí rárá, mo ki sípánà bọ kíráńkì mo fà á títí, bí òkúta ló ṣe le. Àwọn àbúrò mi ní ká yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù ká ra tuntun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ ire. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ dànù o. Torí pé ti bàbá yín ni nìkan kọ́ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Block K301, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gangan, kì í ṣe alumíníọ̀mù, irin dídà tó wúwo ni, tí inú ẹ̀ bá jẹ, èèyàn ṣì lè bóòrù ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n gé inú sìlíńdà kó fẹ̀ sí i, sí 0.010 íǹṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá tún yá sí 0.020, tó bá tún yá sí 0.030, písítìn tó máa wọ̀ ọ́ sì wà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì tuntun olówó pọ́ọ́kú mélòó ló máa gbà kí wọ́n tún un ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti dídì yẹn, sùúrù ló gbà. Má fi ṣéènì so ó mọ́ mọ́tò kó o máa wọ́ ọ o, torí alumíníọ̀mù ni con rod inú ẹ̀, ìyẹn rọ́ọ̀dù tó so písítìn mọ́ kíráńkì, òun ló máa kọ́kọ́ kán. Yọ pulọ́ọ̀gì, kó o tú tọ́pù sìlíńdà. Kò le, kò sí fáàfù kankan lórí ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ block ni fáàfù wà, bóòtù lásán lo máa tú. Po ọ́ìlì gía ọlọ́tọmátíìkì mọ́ acetone ní ìlàjì-ìlàjì, dà á yí písítìn ká, fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, tó bá ti fà wálẹ̀ kó o tún bù sí i. Ìta ni kó o ti ṣe é, nítorí acetone máa ń gbiná. Lẹ́yìn náà gbé igi pẹlẹbẹ lé orí písítìn, máa fi òòlù onírọ́bà kan án díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa mi flywheel, wíìlì irin wúwo tó ń bá kíráńkì yí, síwá sẹ́yìn. Kó o tó kúrò níbẹ̀, tú irin tó bo flywheel àti ara ẹ́ńjìnnì, eku fẹ́ràn láti kọ́lé síbẹ̀ gan-an, atẹ́gùn ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, tí ìdọ̀tí bá dí i, ó máa gbóná pa ara ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ti yí o! Ọjọ́ kẹrin gan-an ni, omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí n po ọ́ìlì mọ́ epo kí n tó sítáàtì ẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, I better pass my neighbour.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n rárá o. Two-stroke ni jẹnẹrétọ̀ yẹn, kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ó mọ́ epo. Four-stroke ni tìrẹ, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì, ọ̀tọ̀ ni epo. Ohun kan tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa K301 ni pé kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì rárá, ahọ́n kékeré kan ló wà nídìí con rod tó ń bu ọ́ìlì tó ń fọ́n ọn káàkiri, tí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, ahọ́n yẹn ò ní rí nǹkan bù, rọ́ọ̀dù á gbẹ, á kán, á sì dá ihò sí block. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ lò ó ni kó o máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì. SAE 30 ni kó o lò nígbà tójú ọjọ́ bá gbóná. Epo àtijọ́ inú táǹkì náà, fà á dànù, ethanol wà nínú epo tí wọ́n ń tà níbí, tó bá pẹ́ ó máa ń bàjẹ́, ó sì máa ń dí kábúrétọ̀.

Ìbéèrè: Ó ti sítáàtì, àmọ́ èéfín búlúù ló ń tú, ó tún ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú. Mo ra ríńgì tuntun mo wọ̀ ọ́ sí i, èéfín ò yí padà.

Ìdáhùn: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó dànù, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i. O ra páàtì kó o tó wọn ẹ́ńjìnnì. Sìlíńdà tó ti jẹ di gbọọrọ bí ẹyin, ríńgì tó rí roboto ò lè dí i, èéfín á máa tú ṣáá ni. Wá micrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tó kéré gan-an, àti nǹkan ìwọnnú, kó o wọn sìlíńdà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kó o tún yí i kó o wọ̀n ọ́n ní ìbú. 3.375 íǹṣì ló jẹ́ nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Ibi tí rọ́ọ̀dù ti dì mọ́ kíráńkì jẹ́ 1.500 íǹṣì, wọn ìyẹn náà, torí ariwo kọ̀-kọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni mo fura sí jù. Tó bá ti jẹ, wọ́n lè lọ̀ ọ́ kó fi 0.010 íǹṣì kéré sí ti tẹ́lẹ̀, rọ́ọ̀dù tó kéré tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà. Àmọ́ ra písítìn ná, kó o gbé e fún ẹni tó máa bóòrù ẹ̀, kó lè wọn písítìn yẹn fúnra ẹ̀ kó tó gé irin.

Tó o bá ń dá a padà, torque wrench, sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó, ni kó o fi fún bóòtù rọ́ọ̀dù, iye tó wà nínú ìwé tó bá rọ́ọ̀dù wá ni kó o lò, àmì ara rọ́ọ̀dù àti àmì ara ìdérí ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kojú ara wọn. Èmi fúnra mi, àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ọwọ́ lásán ni mo fi fún un tí mo ní ó ti le. Kò pé oṣù kan tí rọ́ọ̀dù já, tó lu ihò sí block, títí dòní ó ṣì ń dùn mí nítorí ẹ́ńjìnnì bàbá ẹnì kan ni. Tó o bá rí jíà kékeré méjì tó ń dín gbígbọ̀n kù nínú tìrẹ, ọ̀pọ̀ àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í dá a padà, tó bá fọ́ ó lè ba block jẹ́. Fọ breather tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, ìyẹn ibi tí inú ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, tó bá dí, ọ́ìlì á máa gba inú ẹ̀ jáde.

Ìbéèrè: Wọ́n ti bóòrù ẹ̀ sí 0.010, wọ́n lọ kíráńkì náà. Èéfín ti tán pátápátá! Àmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú ó ń kú, àfi tó bá tutù kó tó tún sítáàtì.

Ìdáhùn: O ṣeun, o ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Kọ́kọ́ tú ìdérí táǹkì epo sílẹ̀ díẹ̀, tí kò bá kú mọ́, ihò atẹ́gùn orí ẹ̀ ló dí. Tó bá ṣì kú, yọ pulọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, wò ó bóyá iná ń ṣẹ́. Tí kò bá ṣẹ́, pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà ná torí kò wọ́n, kó o tó wo kọ́ìlì, kó o sì ṣe àlàfo kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè ṣẹ́, sí 0.020 íǹṣì. Tí iná bá ń ṣẹ́ dáadáa, fáàfù ló kù, ó lè jẹ́ pé wọ́n fún un jù, tó bá gbóná kò ní lè pa dé mọ́. Nígbà tó bá tutù ni kó o wọn àlàfo fáàfù, èyí tí epo ń gbà wọlé 0.008 sí 0.010 íǹṣì, èyí tí èéfín ń gbà jáde 0.017 sí 0.020 íǹṣì.

Ìbéèrè: Ìdérí táǹkì ni o, ẹ̀gbọ́n! Bátìrì nìkan ló kù, kò gba iná. Ṣé kí n tún un kùn náà?

Ìdáhùn: Starter-generator àtijọ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì tó tún ń fi iná sí bátìrì, máa ń gbàgbé ọ̀nà iná ẹ̀ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Pa ẹ́ńjìnnì, fi wáyà kan so ibi tí wọ́n kọ BAT sí pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n kọ GEN sí lára regulator, àpótí kékeré tó ń ṣàkóso iná tó ń lọ sí bátìrì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, yọ ọ́, kó o tún sítáàtì ẹ̀.

Ti kíkùn, nu ìpẹtà kúrò kó o kùn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ bàbá ti há ọ̀dà kúrò lára sítíárì, tèmi ni pé kó o fi í sílẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún, da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù kó o rọ tuntun, ìgbà yẹn ni kó o tó so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn.