Bí a ṣe ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá nínú kóòdù láì ba ẹ, ọ àti ṣ jẹ́

Ẹni tó bá ń kọ text editor (ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà), bó pẹ́ bó yá, á fẹ́ fi bọ́tìnì tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá sí i. Ìṣirò ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Nínú ASCII, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ní nọ́ńbà, 65 ni A, 97 ni a. 90 ni Z, 122 ni z. 32 ni àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti èkejì rẹ̀, ni wọ́n bá kọ ọ́ báyìí:

if (c >= 'a' && c <= 'z') c -= 32;

Ẹ fún un ní «ọjà ẹja», «ọJà ẹJA» ni yóò gbé jáde. Kò tíì gbọ́ ọ, ẹ àti à rí.

Ibi tí àwọn kan ti wá ń ṣìnà gan-an ni pé wọ́n á yọ ààlà yẹn kúrò, wọ́n á máa yọ 32 lára gbogbo lẹ́tà. Àmọ́ nínú Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà (U+ ló ń ṣáájú nọ́ńbà náà, ìpìlẹ̀ 16 ni wọ́n fi ń kọ ọ́), U+1ECD ni ọ, U+1ECC sì ni Ọ: ẹyọ kan péré ló wà láàárín wọn. Bákan náà ni ẹ (U+1EB9) àti Ẹ (U+1EB8), ṣ (U+1E63) àti Ṣ (U+1E62). Tí ẹ bá yọ 32 lára ọ, ậ tí àwọn ará Vietnam ń lò lẹ máa bá níbẹ̀. Lẹ́tà ṣ á di ṃ. Ohun tó ń tanni jẹ ni á, nítorí àlàfo tirẹ̀ sí Á jẹ́ 32 lóòótọ́ (U+00E1 sí U+00C1). Ẹni tó bá fi á nìkan dán kóòdù rẹ̀ wò á rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ má gbára lé toupper, irinṣẹ́ tó ń sọ lẹ́tà di ńlá nínú èdè kóòdù C, náà. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló ń wò, bẹ́ẹ̀ báìtì mẹ́ta ni ọ nínú UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà Unicode sínú fáìlì: E1 BB 8D. Tó bá jẹ́ pé Latin-1 (ètò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì kan) ni locale (ètò èdè) kọ̀ǹpútà náà, á ni yóò ka E1 sí, yóò sọ ọ́ di C1, fáìlì á sì bàjẹ́, torí C1 kì í wáyé rárá nínú UTF-8 tó pé.

Ẹ kọ́kọ́ sọ báìtì di ọ̀rọ̀ Unicode, kí ẹ wá fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé yàn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní Python, .upper() ni, ní JavaScript, toUpperCase(), ní C, ẹ lo u_strToUpper ti ICU (àkójọ irinṣẹ́ kóòdù fún Unicode). Ẹ kọ́kọ́ pe ti ICU yìí pẹ̀lú NULL àti 0 kó sọ iye ààyè tí èsì máa gbà, kí ẹ tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọ̀rọ̀ lè gùn sí i: ß ti àwọn ará Jámánì á di SS.

Ọ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode. Ọ (U+1ECC) ni, àmì ohùn (U+0301) wá tẹ̀ lé e. Àmì ohùn kò ní ńlá tàbí kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmì yìí gan-an ló ń kó bá .title() ti Python, tó yẹ kó sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di ńlá. Tó bá ti kan àmì ohùn, ó gbà pé ọ̀rọ̀ tuntun ló kàn:

'ẹ̀kọ́ ilé'.title()  →  'Ẹ̀Kọ́ Ilé'

Ẹ wo K yẹn. Àwọn kan á ní ká lo string.capwords. Òun mú K kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa àlàfo méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì ń sọ ìlà tuntun di àlàfo lásán. Ìyẹn ò ṣeé gbà nínú editor. Èyí ló dáa jù:

re.sub(r'\S+', lambda m: m[0][:1].upper() + m[0][1:], s)

Kò kan àlàfo kankan, kò sì ní sọ UNILAG di Unilag.

Ní ti ìwákiri tí kò ka ńlá àti kékeré sí, ẹ fi NFC (ọ̀nà tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe) tún ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe, kí ẹ tó lo casefold() ti Python, tó ń mú ìyàtọ̀ ńlá àti kékeré kúrò. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí U+1ECD, òmíràn á kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o pẹ̀lú U+0323. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò bára mu. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ tún ṣe o, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì oní-fáìlì.

Kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí aráàlú, ẹ fi mẹ́ta yìí dán an wò: «ẹ̀ṣọ́» gbọ́dọ̀ di «Ẹ̀ṢỌ́», «ǹjẹ́» di «ǸJẸ́», «straße» di «STRASSE». Ẹ tún ibi tí kọ́sọ̀ wà ṣírò láti ara gígùn ọ̀rọ̀ tuntun, kì í ṣe ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+Z, ìyẹn Undo tó ń dá ọ̀rọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ .lower() ni Undo yín ń pè, «strasse» ló máa dá padà, ß ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àtilẹ̀wá ni kí ẹ tọ́jú pamọ́ kí Undo lè dá a padà bó ṣe wà.