Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Láti Àárọ̀ Ṣúlẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀ Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́

Wákàtí ni kẹ́ ẹ fi ṣírò ọ̀nà, kì í ṣe kìlómítà. Kìlómítà 60 lórí ọ̀dà kò ju eré òwúrọ̀ lọ fún ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn. Lórí òkè, níbi tí òkúta, gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ wà, ẹni tí kò sáré ìje kì í sábà ju kìlómítà 8 sí 12 lọ ní wákàtí kan. Ẹ mú 10: wákàtí 6 nìyẹn lórí pẹ́dàlì. Ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ kún un fún ìsinmi àti táyà tó jò. Tẹ́ ẹ bá gbéra ní aago 7 àárọ̀, aago 2 ààbọ̀ ọ̀sán lẹ ó dé, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá máa gòkè ju mítà 1,500 lọ lápapọ̀, ẹ dín kìlómítà 60 yẹn kù.

Ọ̀nà tó dára jù ni èyí tó rí bíi nọ́ńbà 8, tí ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí wà láàárín. Ẹni tó bá rẹ̀ lè dúró síbẹ̀ láìba tàwọn yòókù jẹ́, ẹ sì lè fi omi àti táyà sínú ọkọ̀. Èèyàn 4 sí 6 ti tó, torí táyà ẹnì kan tó bá jò, gbogbo yín ló jò fún. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà àti aago tí ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la. Okùn jíà tuntun máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, jíà á wá máa fò. Ẹ wọn ṣéènì: èyí tó jẹ́ ti jíà 11 tàbí 12, tó bá ti gùn sí i ní 0.5%, ó tó pààrọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jẹ eyín jíà tó wọ́n jù ú lọ. Fún táyà tubeless, ìyẹn èyí tí kò ní tíúbù nínú, tó fẹ̀ ní íǹṣì 2.3 tàbí 2.4, ẹni tó wúwo tó kílò 75 lè fi afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 21 psi síwájú, kó fi 24 sẹ́yìn, kó wá máa tún un ṣe láti ibẹ̀. Ẹni tó ń lo tíúbù nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí bí táyà rírọ̀ bá kọlu òkúta, etí rímù á fún tíúbù, ihò méjì á lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Oje tó ń dí ihò nínú tubeless máa ń gbẹ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ mi táyà létí. Bí ẹ kò bá gbọ́ omi, ẹ da òmíràn sí i.

Oníkálukú ló máa gbé tíúbù 1, pọ́ńpù, ohun ìyọ táyà 2, ìsopọ̀ ṣéènì tó bá iye jíà rẹ̀ mu, àti hanger tirẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí derailleur, ohun tó ń ti ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn lẹ́yìn, rọ̀ mọ́. Hanger kẹ̀kẹ́ kan kì í sábà bá òmíràn mu, torí náà kò ṣe é yá. Irin ìgé ṣéènì, tépù àti oògùn ojú ọgbẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó gbogbo ẹgbẹ́.

Kí ebi tó pa yín ni kẹ́ ẹ ti jẹun. Láti bí ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́, ẹ máa jẹ gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà tàbí sítáàṣì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó bíi 25. Omi ìdajì lítà sí mìlílítà 750 ní wákàtí kan, kí iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tí oòrùn bá mú.

Wákàtí àkọ́kọ́ ló ń ba ọjọ́ jẹ́. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ẹ ti ń sáré jù. Ẹ yí jíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, torí yíyí i nígbà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kíkankíkan ló ń já ṣéènì. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró de ẹni tó kẹ́yìn, kí òun náà sì sinmi! Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tó wà níwájú á ti sinmi tán, wọ́n á gbéra bó ṣe ń dé, ẹni tó rẹ̀ jù ni kò wá rí ìsinmi kankan.

Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, oje kò lè dí i. Ẹ fi awẹ́ táyà àtijọ́ tẹ́ ibẹ̀ nínú, kẹ́ ẹ tó ki tíúbù bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rọra fọwọ́ wá inú táyà náà: ẹ̀gún tí oje ti dí tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, á lu tíúbù tuntun. Bí hanger bá wọ́, ẹ má ṣe yí jíà sí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, kí derailleur má bàa wọ inú sípóòkù.

Nínú ìṣirò wa, ó yẹ kẹ́ ẹ dé ìdí ọkọ̀ kí aago 11 tó lù. Bí aago 1 bá lù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, apá kejì á mú yín wọ òkùnkùn, torí ẹsẹ̀ ọ̀sán kì í yá tó ti àárọ̀. Nígbà náà, ẹ di kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀.