Bí a ṣe ń dá ìkànnì ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Discourse

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ ọmọléèwé àtijọ́ tó bá ti gbèrú, WhatsApp kì í tó wọn mọ́. Ènìyàn 1,024 ni group kan lè gbà, ṣùgbọ́n iye èèyàn kọ́ ni ìyọnu tó tóbi jù. Ìpinnu tí ẹ ṣe lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti rì sábẹ́ "ẹ kú àárọ̀" àti fídíò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá kò sì lè rí i kà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ìkànnì tirẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tirẹ̀, tó sì ṣeé wá rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Discourse, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì ìjíròrò, ni mo ń lò, òun náà ni kí ẹ lò. Ọdún 2013 ni Jeff Atwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Dómáìnì (orúkọ ìkànnì yín) àti sáfà (kọ̀ǹpútà tí ẹ yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) lẹ máa sanwó fún. Bí àpò ẹgbẹ́ kò bá gbé sáfà, ẹ gbé phpBB, sọ́fítíwià ìkànnì mìíràn, sórí hosting olówó pọ́ọ́kú tó ní PHP àti MySQL. Kò dùn ún lò lórí fóònù tó Discourse, ṣùgbọ́n ó ti wà láti ọdún 2000, kò sì tíì kú.

Ẹ ra dómáìnì lórúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú íméèlì ẹgbẹ́ tí akọ̀wé àti akápò jọ ní password rẹ̀ lọ́wọ́. Bí káàdì náírà bá kọ̀ láti san dọ́là fún sáfà, ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní London tàbí Houston lè bá yín san án, ṣùgbọ́n kí account máa jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ìbínú bá mú ẹni náà kúrò lẹ máa mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn.

Sáfà kò le. Ẹ yá èyí tó ní Ubuntu LTS (irú Linux kan) àti RAM 2GB. 1GB náà ń gbà á bí ẹ bá fi swap (àyè orí díìsì tó ń ran RAM lọ́wọ́) 2GB tì í, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń fà. Nínú DNS, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí dómáìnì yín ń lọ, ẹ darí A record sí IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) sáfà náà. Bó bá jẹ́ Cloudflare lẹ fi ń bójú tó DNS, kí ìkúukùu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú, kó má jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, títí gbogbo nǹkan yóò fi dúró.

Ẹ má tíì gbé Discourse sórí rẹ̀. Íméèlì ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ìkànnì tó kú kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà ni Discourse ń fi ránṣẹ́ sí i kó tó lè wọlé. Alábòójútó àkọ́kọ́ pàápàá ń dúró de lẹ́tà yẹn. Bó bá bọ́ sínú spam, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń retí rẹ̀ kò ní wá a débẹ̀. Ó máa gbà pé ìkànnì kò ṣiṣẹ́, ó sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi Postfix, sọ́fítíwià tó ń rán íméèlì, rán lẹ́tà láti orí sáfà yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní sáfà ti ti port 25, ojú ọ̀nà tí íméèlì ń gbà jáde, pa nítorí àwọn oníjìbìtì, èyí tí kò sì tì í, IP tó fún yín lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́ kó tó kàn yín. Ẹ má fi Gmail ara yín ṣe é náà: lẹ́tà 500 lójúmọ́ ni òpin rẹ̀, ìkànnì tí ọ̀rọ̀ bá gbóná nínú rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn rán lẹ́tà ni kí ẹ lò, bíi Brevo, Mailgun tàbí Amazon SES. Brevo ní ti ọ̀fẹ́, ó sì tó ẹgbẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa fún yín ní àkọsílẹ̀ tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ DNS. SPF ń sọ ẹni tí ẹ fún láṣẹ láti rán lẹ́tà lórúkọ yín. DKIM ni òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ lẹ́tà náà lójú ọ̀nà. DMARC ń sọ ohun tí ẹni tó gbà á yóò ṣe bí méjèèjì bá kùnà; `v=DMARC1; p=none` tó láti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ń rán lẹ́tà sí òun ní SPF tàbí DKIM, ó kéré tán. Ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun méjì ni mo ń rí tí wọ́n ń ṣì ṣe níbí. Wọ́n ń kọ SPF méjì sórí dómáìnì kan. Bí ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni kí ẹ fi include tuntun (apá tó dárúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ́tà yín) sí. Bí ẹ bá kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjèèjì bàjẹ́. Èkejì ni orúkọ DKIM. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta dómáìnì máa ń fi dómáìnì yín kún ìparí orúkọ náà fúnra wọn, bí ẹ bá wá lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn, ó máa di `mail._domainkey.example.com.example.com`. Lójú yín, ó ti wà níbẹ̀. Gmail kò rí nǹkan kan. Ohun tó ṣáájú dómáìnì nìkan ni kí ẹ kọ.

Ẹ wá dán an wò láti orí sáfà. swaks, tó ń rán lẹ́tà ìdánwò, ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn (ADIRESI-SMTP ni àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ lẹ́tà fún yín láti máa gbà rán lẹ́tà):

`apt install swaks`
`swaks --server ADIRESI-SMTP --port 587 --tls --auth-user ORUKO --from egbe@example.com --to IMEELI-YIN`

Ẹ rán an sí Gmail, kí ẹ rán an sí Yahoo náà, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà wa kò tíì kúrò ní Yahoo. Ní Gmail, ẹ ṣí "Show original". PASS ni kó wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rán ọ̀kan sí mail-tester.com, tó ń fún lẹ́tà ní máàkì lórí 10. Bí kò bá tó 9, èmi kì í tẹ̀síwájú, kí ẹ̀yin náà má tẹ̀síwájú. DNS lè gba wákàtí díẹ̀ kó tó tàn káàkiri, ẹ má máa yí i padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Èyí tó kù kò le. Termux, áàpù tí ẹ lè fi tẹ àṣẹ sí sáfà, lórí fóònù Android tó o ṣe. Lórí sáfà, ẹ kọ́kọ́ tẹ `tmux`, kí iṣẹ́ má bàa dáwọ́ dúró bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já. `tmux attach` máa gbé yín padà síbi tí ẹ dé.

`git clone https://github.com/discourse/discourse_docker.git /var/discourse`
`cd /var/discourse`
`./discourse-setup`

Ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ti dán wò. Kí # má sí nínú password SMTP, ó máa ń da fáìlì rú. Bí nǹkan kan bá yí, ẹ tún `containers/app.yml` ṣe, kí ẹ tẹ `./launcher rebuild app`. Ẹ má pa sáfà rẹ́ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀: Let's Encrypt, tó ń fún yín ní HTTPS lọ́fẹ̀ẹ́, kì í fún orúkọ kan náà ní ìwé ẹ̀rí ju márùn-ún lọ lọ́sẹ̀.

Ẹ tan "login required", kí Google má máa kó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ fún aráyé. Ẹ pe èèyàn mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, kí wọ́n kó ìwé òfin ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wá síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fi link sórí WhatsApp, torí ẹni tó bá ìkànnì lófìfo kì í padà wá. Discourse ń ṣe backup fúnra rẹ̀, àmọ́ orí sáfà kan náà ló ń kó o sí. Ẹ máa gbà á sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akápò.