Pásíwọ́ọ̀dù Péye, Síbẹ̀ Server Kò Gbà Á Wọlé: Bí Mo Ṣe Tú Ọ̀rọ̀ Fish, FTP àti SFTP

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi fáìlì ránṣẹ́ sórí server mọ́. Mo ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, pàbó ló já sí.” Òun ló ń kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Debian (ẹ̀yà Linux kan), tí vsftpd, tó ń gba fáìlì nípasẹ̀ FTP, àti OpenSSH, tó ń jẹ́ kí a fi ssh wọlé láti ọ̀nà jíjìn, wà lórí rẹ̀. Ohun tí FileZilla, ètò tó fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, ń kọ sí i lójú ni:

530 Login incorrect

Mo bi í pé kí ló yí padà láti ìgbà tó ti ń wọlé dáadáa. Ó ní kò sí, àfi shell òun, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí ènìyàn bá tẹ̀. Ó ti fi bash sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí fish, èyí tó fúnra rẹ̀ kọ́ láti inú source code (kóòdù ìpilẹ̀ rẹ̀). Mo ní kó fi pásíwọ́ọ̀dù yẹn kan náà gbìyànjú ssh. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́kàn kúrò lára pásíwọ́ọ̀dù, mo sì yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò:

getent passwd | grep fish
cat /etc/shells

Èkíní fi hàn pé /usr/local/bin/fish ni shell rẹ̀. Nínú èkejì, ìwé orúkọ àwọn shell tí ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí, kò sí orúkọ fish rárá. Tó bá jẹ́ pé apt, ètò tí Debian fi ń gbé sọ́fítíwìà wọlé, ló fi gbé fish sórí rẹ̀, apt ì bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ láti inú source code ló ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Kí ni vsftpd wá ń fi orúkọ shell ṣe, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì lásán ló ń gbé? Ẹ ṣí /etc/pam.d/vsftpd lórí Debian, ẹ ó rí ìlà yìí:

auth required pam_shells.so

Ìlà yẹn ni aṣọ́nà tó ń di ìwé orúkọ mú lẹ́nu géètì. Shell tí kò bá sí nínú /etc/shells, ẹni tó ni ín kò ní wọlé. Ìlànà àtijọ́ ni, láti fi ya àkáǹtì ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkáǹtì tí a kò ṣe fún ẹnikẹ́ni láti wọ̀, irú èyí tí shell rẹ̀ jẹ́ /usr/sbin/nologin. Nítorí pé “required” ni wọ́n kọ, PAM, ètò tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò, kì í dá ènìyàn dúró lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣe àyẹ̀wò tó kù parí kó tó kọ̀. Ohunkóhun tó bá mú kí PAM kọ̀, 530 kan náà ni vsftpd ń kọ, ìkìlọ̀ náà sì jọ ti pásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà. Ní ti sshd, ètò OpenSSH tó ń dáhùn ssh lórí server, kò sí ìlà yẹn nínú /etc/pam.d/sshd, ohun tó ń bi í ni pé shell náà wà lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣiṣẹ́.

Ojútùú rẹ̀ kò gùn:

sudo add-shell /usr/local/bin/fish

Ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbani nímọ̀ràn pé ká pa ìlà pam_shells rẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Nítorí shell ẹnì kan, ẹ ó ṣí ọ̀nà fún gbogbo àkáǹtì nologin tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n FTP tí kò ní TLS, ìdáàbòbò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, máa ń gbé pásíwọ́ọ̀dù kọjá ní gbangba, mi ò sì fẹ́ kó máa lò ó lọ. Mo ní kó bọ́ sí SFTP, tó ń gba inú ssh gbé fáìlì. Ó fi àṣẹ sftp gbìyànjú, wàhálà mìíràn sì tún bẹ̀rẹ̀:

Received message too long 1159752565

Nọ́ńbà yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú SFTP, báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ tó bá dé ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ṣe gùn tó. Èyí tí sftp ti OpenSSH lè gbà kò ju 262144 lọ. Ta ló wá sọ pé ọ̀rọ̀ tó ju bílíọ̀nù kan báìtì lọ ń bọ̀? Mo tú nọ́ńbà náà:

printf '%x' 1159752565 | xxd -r -p

Ohun tó jáde ni “E ku”. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó kọ ìkíni kan síbì kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, “E ku ise o” wà nínú config.fish òun, fáìlì ìṣètò fish. Kí SFTP tó bẹ̀rẹ̀, sshd máa ń gba inú shell ẹni kọjá, fish sì máa ń ka config.fish nígbàkígbà tó bá dìde, yálà ènìyàn ló jókòó síwájú rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ. Ìkíni yẹn ló ṣáájú èsì gidi dé.

A tún un kọ báyìí:

if status is-interactive
    echo "E ku ise o"
end

Ẹni tó ń lo zsh, shell mìíràn, .zshenv ni kó yẹ̀ wò, torí ìgbà gbogbo ni zsh ń kà á; .zshrc kì í dá irú èyí sílẹ̀. Ní ti bash, .bashrc ni, ti Debian ní àyẹ̀wò lókè pátápátá, ẹ má sì kọ echo sókè rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà: kí a kọ “Subsystem sftp internal-sftp” sínú sshd_config, fáìlì ìṣètò sshd, kí sshd má gba inú shell kọjá mọ́ fún SFTP. Mi ò ṣe é, torí rsync, ètò mìíràn tó ń gbé fáìlì, náà ń gba inú shell, ìkíni yẹn ì bá sì tún da ìyẹn rú; “is your shell clean?” ni rsync máa ń béèrè ní tirẹ̀. Scp, àṣẹ OpenSSH tó ń da fáìlì kọ, náà kò yọ sílẹ̀: láti OpenSSH 9.0, tó jáde ní ọdún 2022, SFTP ni ó ń lò.

Mo ní kó ṣe àyẹ̀wò yìí láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó fi orúkọ àkáǹtì àti server rẹ̀ sí i:

ssh àkáǹtì@server true | wc -c

0 ló jáde, ìyẹn ni pé shell náà kò sọ ohunkóhun mọ́. Ó ṣí SFTP nínú FileZilla, fáìlì ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.