Bí a ṣe ń dá pákó tííkì mọ̀ kí a tó sanwó

Mo ti ra mẹlínà, igi kan tó funfun tó sì fúyẹ́, rí ní orúkọ tííkì. Pákó ilẹ̀kùn ni mo ń wá, ẹni tó tà á fún mi ní tííkì ni, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí oyin. Kò pé ọdún méjì tí ikán fi wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí káfíńtà fi ìfági fá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, funfun ló yọ lábẹ́. Wọ́n ti kun pákó náà ni. Owó tí mo san dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rí wà lára pákó yẹn lọ́jọ́ tí mo rà á. N kò mọ ibi tó yẹ kí n wò ni.

Tííkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Íńdíà, Bọ́mà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, Thailand àti Laos ni orísun rẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n gbé e dé Nàìjíríà, wọ́n sì gbìn ín sí àwọn igbó ọba bí Olókèméjì àti Gàǹbàrí. Ó wà ní igbó Lama ní orílẹ̀-èdè Benin náà. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó sì rí háráhárá lọ́wọ́ bíi sáńpépà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, àtẹ́lẹwọ́ yín á pọ́n. Irú tí a gbìn yìí ló wà ní sọ́mìlì wa, wọ́n sì sábà máa ń gé e kó tó gbó dáadáa. Nítorí náà, ẹ má ṣe retí pé kí ó rí bákan náà pẹ̀lú tííkì àgbà inú igbó Bọ́mà.

1. Ẹ fá a ná

Pákó tó ti pẹ́ níta ti gba òjò, oòrùn àti eruku. Tííkì tí kò ní fánísì lára, tí òjò àti oòrùn ń pa, máa ń di aláwọ̀ eérú, ọ̀pọ̀ igi mìíràn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́pákó fi ìfági kọjá níbi kan títí ojú igi tuntun á fi yọ. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ fá a, ẹ fi pákó rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

2. Ẹ wo àwọ̀, àmọ́ ẹ má gbára lé e

Tííkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kì í fi bẹ́ẹ̀ wu ojú. Ó lè ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ìlà dúdú lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì lè rí bátabàta. Ẹ má torí ìyẹn sá fún un. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á, àwọ̀ náà á máa dọ́gba, á wá di ti oyin, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni yóò máa ṣú sí i. Bí ẹ bá ní àkókò, ẹ fi ìwé bo ìdajì ègé kan tí ẹ fá, kí ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ apá méjèèjì.

Àárín igi ni mò ń sọ o. Apá tó wà nítòsí èèpo funfun díẹ̀ bí ẹ̀kọ àgbàdo, ààlà rẹ̀ pẹ̀lú àárín sì máa ń hàn gedegbe. Ikán kì í fẹ́ràn àárín tííkì, àmọ́ apá funfun yẹn, oúnjẹ rẹ̀ ni. Pákó tí funfun gba ìdajì rẹ̀, tííkì ni lóòótọ́, àmọ́ kò yẹ kí ẹ san owó tííkì lórí rẹ̀.

Igi tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù ni ìrókò. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó máa ń pọ́n bí atalẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà ló máa ń ṣú. Ìrókò tó ti gbó sínú ilé àti tííkì tó ti gbó jọra débi pé àwọn òyìnbó ń pe ìrókò ní tííkì ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ti igi àpá, ó pupa ju méjèèjì lọ, ó sì wúwo jù wọ́n lọ.

3. Imú àti ọwọ́

Ẹ gbé èérún tó bọ́ lábẹ́ ìfági sí imú. Òórùn awọ ló máa ń wà lára tííkì, bíi ti bàtà awọ tuntun. Ẹ fi ìka ra ojú ibi tí ẹ fá: á máa yọ̀ díẹ̀, bí ẹni fọwọ́ kan àbẹ́là, nítorí òróró wà nínú rẹ̀. Òróró yìí lè má pọ̀ lára igi tí kò tíì gbó.

Ìwọ̀n kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tííkì gbígbẹ máa ń wọn nǹkan bíi kílò 650 ní kúbíìkì mítà kan, ìrókò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mẹlínà nìkan ni ọwọ́ máa tètè mọ̀, torí ó fúyẹ́.

4. Ìdí pákó ni òótọ́ wà

Bí ẹ kò bá ṣe ohun mìíràn, ẹ ṣe èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ìdí pákó, ìyẹn ibi tí gígùn rẹ̀ parí sí, díẹ̀, kí ó tó ìbú ìka kan. Ẹ mú abẹ tuntun, ẹ gé ojú ibi tí ayùn rẹ́ kí ó dán, ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ sì fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra.

Òrùka, ìyẹn ìlà tí igi ń ní bó ṣe ń dàgbà, á hàn níbẹ̀. Níbi tí òrùka kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ihò ńláńlá tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Bí ẹ bá ti ń lọ síwájú nínú òrùka kan náà, ihò náà á máa kéré, á sì máa jìnnà síra. Nínú àwọn kan lára ihò yẹn, ẹ ó rí nǹkan funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹfun. Tííkì nìyẹn.

Ìrókò kò ní irú ẹsẹ ihò bẹ́ẹ̀. Ihò rẹ̀ fọ́n káàkiri bí ìgbà tí òjò wínníwínní bá kán sórí iyanrìn, àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ sì yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, tó na apá sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kan ti ẹnìkejì rẹ̀. Mẹlínà náà kì í sábà ní ẹsẹ ihò ńlá tó dá dúró. Tííkì tó yára dàgbà lè ní òrùka tó fẹ̀ gan-an, kí ẹsẹ ihò rẹ̀ sì já níbì kan, nítorí náà ẹ wo òrùka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀dà ya èyí.

5. Ìlà àti ẹwà ojú rẹ̀

Ìlà tííkì sábà máa ń lọ tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn máa ń wọ́. Bí wọ́n ṣe la igi náà ló ń sọ bí ojú pákó yóò ṣe rí. Bí wọ́n bá là á gba ẹ̀gbẹ́ igi, ẹ ó rí ìlà bíi ṣóńṣó orí òkè, ọ̀kan nínú èkejì, títí dé òkè pákó. Bí wọ́n bá là á gba àárín gbùngbùn, ìlà á tò gbọọrọ bí ti aṣọ òfì. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó rí èyí tó ń ṣe bí ìgbì omi bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ wá tẹ̀ lé ìlà kan láti ojú pákó, kí ẹ bá a yí sí ìdí. Ó gbọ́dọ̀ bá òrùka kan pàdé níbẹ̀. Bí ojú bá ní ìlà bí òkè, tí ìdí kò sì ní òrùka tó bá a mu, awẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìwé tí wọ́n ya ìlà igi sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Ègé tííkì kan tó dá mi lójú wà nínú àpò mi báyìí, mo ti fi abẹ gé ìdí rẹ̀ kó dán. Mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí pákó tí wọ́n bá ń tà fún mi, màá sì ya àwòrán méjèèjì pọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.